Ojú Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbọ̀n ní Ìmọ̀wò

“Ta ló rán ọ pé kí o yọ wá kúrò nínú ọmọ bàbá wa?”

Ìbéèrè tí Matilda Odùbánjọ bi Mùínátù nìyẹn, lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta ọdún 1988, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé tí èmi àti Mùínátù ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìmọ̀wò, Ìjẹ̀bú-Òde. Kò pariwo. Ó mú ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ dání, ó ṣí i sí ojú ewé kẹrin, ó fi ìka sí ibi tó yẹ kí orúkọ tirẹ̀ wà.

Mùínátù wo ìwé náà, ó wo obìnrin náà. Èmi wà nítòsí, mo ń ká ìwé. Mo mọ èsì tó yẹ kí wọ́n fún Matilda. Ọ̀gá wa, Ernest, tó jókòó sínú yàrá rẹ̀ tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mọ èsì náà jù mí lọ. Ó mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Kí ẹ tó mọ ohun tí wọ́n ṣe fún Mùínátù, ó yẹ kí ẹ mọ irú òṣìṣẹ́ tó jẹ́. Ọmọ Wàhábì aránṣọ ni. Ọdún 1977 ló wọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Nígbà yẹn, lẹ́tà òjé la fi ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, tí wọ́n á tò ó sórí irin pẹlẹbẹ, gbogbo lẹ́tà náà á sì kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó ń tò ó, bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìwé nínú dígí. Mùínátù máa ń ka lẹ́tà tó kọ ẹ̀yìn yìí yára ju bí ẹlòmíràn ṣe ń ka èyí tó dojú kọ ọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ pè é ní Ojú Àwòdì. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, ṣùgbọ́n tí nǹkan bá rú wọn lójú, òun náà ni wọ́n ń pè.

Kò sí iṣẹ́ kan tó jáde nílé ìtẹ̀wé wa nígbà náà láìjẹ́ pé ẹni méjì kà á. Èmi á mú ìwé tí oníbàárà fọwọ́ kọ dání, màá máa kà á sókè, títí kan àmì ìdánudúró. Mùínátù á fi èékánná tẹ̀ lé e lórí èyí tí a kọ́kọ́ tẹ̀. Bí a bá dé ìsàlẹ̀, a ó pààrọ̀ ìwé, a ó tún un kà. Bó jẹ́ káàdì ìsọmọlórúkọ lásán, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe é. Tó bá wá jẹ́ ìwé ètò ìsìnkú, ojú ewé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta là ń kà á. Ìjẹ̀bú la wà. Bí a ṣe to ọmọ, àgbà sí èwe, ilé ìyá kan tẹ̀ lé ilé ìyá kejì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, pàápàá tí bàbá bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ tí wọn ò tíì pín. Fún ọdún mẹ́wàá, a kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ níta.

Lọ́dún 1987, Ọ̀gá Ernest lọ sí Èkó, ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ó kó àpótí lẹ́tà òjé wa, ó tà á fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú, àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó ń gbọ̀n. Kì í ṣe pé ó ń kú ó ń tàn bí iná tó fẹ́ lọ. Gbígbọ̀n náà yá débi pé, bí o bá tẹjú mọ́ ọn, wàá rò pé ó dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà tí o bá ń wo ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lo máa rí i tó ń mì bí ooru tó ń gòkè lójú títì ọ̀sán. Mo mú rúlà gígùn, mo fì í síwá-sẹ́yìn níwájú rẹ̀. Rúlà kan di mẹ́fà, ó di méje. Mo lọ fì í níwájú fèrèsé. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Mo sọ fún Ọ̀gá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ fẹ́ fi rúlà na ẹ̀rọ mi ni?”

Lọ́sẹ̀ kan náà ló sọ pé ẹ̀rọ kì í ṣàṣìṣe bí èèyàn, pé fífi ẹni méjì ka iṣẹ́ kan, owó ṣíṣòfò ni. Ó ní kí n máa lọ ká ìwé. Mùínátù á tẹ̀ ẹ́, á kà á lójú rẹ̀ níbẹ̀, ó parí.

Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ló fi ń jókòó síwájú nǹkan yẹn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, orí ń fọ́ ọ láti ẹ̀yìn ojú ọ̀tún títí dé ìpàkọ́. Iná gígùn tó wà lókè àjà wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, iná tí kò ṣe é ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Tó bá ń lọ sílé, ó ń fi gèlè ṣíji bojú. Ràmọ́tà ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ó máa ń dijú dáná, pé ó mọ ibi tí iyọ̀ wà nípa fífọwọ́ wá a.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fi ẹjọ́ sun Ọ̀gá. Mo kà á. Nígbà àkọ́kọ́, ó ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú fún un. Nígbà kejì, ó ní fíìmù Íńdíà tó ń wò nílé ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, gbogbo ilé ìtẹ̀wé sì fi rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mélòó kan. Mùínátù kò ní fídíò, kò ní tẹlifíṣọ̀n. Nígbà kẹta, ó ní kó lọ bá àwọn tó ń yẹ ojú wò. Wọ́n ní kó ka lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó kà á dé ìlà tó kéré jù. Wọ́n kọ̀wé pé ojú rẹ̀ dá ṣáká, Ọ̀gá sì lẹ ìwé náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kó lè máa rí i. Ìwé yẹn bí mi nínú ju fíìmù Íńdíà lọ. Lẹ́tà ara ògiri kì í gbọ̀n. Kí ni wọ́n wá yẹ̀ wò?

Ní oṣù kìíní ọdún 1988, Richard tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá láti Ṣàgámù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sọ fún Ọ̀gá, ó ṣojú mi, pé ojú ẹ̀rọ yìí ti gbó, pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń kú kó tó tún padà tàn, pé iná wa tí kò lágbára sì ń mú un burú sí i. Ó ní èèyàn kò gbọdọ̀ wò ó ju ìdajì wákàtí lọ láìsinmi, pé wọ́n ń ta ojú nìkan, kò di dandan kó ra gbogbo ẹ̀rọ. Ọ̀gá bi í pé ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Richard ní ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní, “Ó tán nìyẹn.”

Nínú oṣù kejì ni ìwé ètò ìsìnkú Bàbá Odùbánjọ dé. Ọjọ́rú ni wọ́n gbé e wá, àárọ̀ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ ẹ. Bàbá náà ní ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́sàn-án. Ìyálé bí mẹ́ta, Matilda ni àgbà gbogbo wọn. Ìyàwó kejì bí mẹ́fà. Aago méje àárọ̀ ni Mùínátù ti jókòó; ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà tó kan ojú ewé àwọn ọmọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò yé òun fúnra rẹ̀ títí di ọjọ́ tí Matilda dé. Ó ní òun rí orúkọ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìkan lábẹ́ ìkejì. Ó dìde, ó lọ bọ́jú, ó padà wá. Wọ́n ṣì jẹ́ méjì. Ó rò pé ọwọ́ òun ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa ọ̀wọ́ kan rẹ́. Àmọ́ ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ wá; èyí tó kù lójú rẹ̀, òjìji lásán ni.

Ká ní mo wà níbẹ̀ tí mo ń kà á sókè, ìlà kìn-ín-ní ni à bá ti mú un.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà la tẹ̀. Wọ́n pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àna, fún àlejò, fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó wá láti Èkó; Matilda àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ kò ráyè ṣí i lọ́jọ́ náà. Adébóyè, àkọ́bí ìyàwó kejì, rí i, ó ká tirẹ̀ sápò. Ọjọ́ tí ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá ló yọ ọ́. Àwọn àgbà ní ìdí igi ni kí wọ́n fi pín in, ilé ìyá kan ìpín kan, ilé ìyá kejì ìpín kan. Adébóyè ní bàbá àwọn ti kọ àwọn mẹ́ta yẹn lọ́mọ kó tó kú, pé ẹbí fúnra wọn mọ̀, àbí wọn kò rí ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pín. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí Matilda ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa nìyẹn.

Lẹ́yìn tó bi ìbéèrè rẹ̀ tán, Ọ̀gá Ernest jáde. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Matilda, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ọmọbìnrin yìí ni, òun kò mọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, òun sì ti lé e. Ibẹ̀ ni Mùínátù ti gbọ́ pé wọ́n ti lé òun. Ọdún mọ́kànlá.

Kó tó di Jímọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kárí gbogbo ilé ìtẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó lọ bá fún iṣẹ́ á ní àwọn kò fẹ́ ẹni tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ìyàwó kékeré kó lè yọ ọmọ ìyálé. Ní àsàláátù, wọ́n bi ìyá rẹ̀ pé èló ni ọmọ rẹ̀ gbà. Ràmọ́tà kò lọ mọ́.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, níbi tí Matilda ti ń ṣe tíṣà. Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi parí, ó ní, “Ẹ̀rọ wo ló ń mọ ọmọ ìyálé yọ, Màmá?” Mo ní kó wá jókòó síwájú rẹ̀ fún wákàtí kan péré, kó mú ìwé orúkọ kíláàsì rẹ̀ wá.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mùínátù náà wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Mo fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ han Matilda. Ó ń tẹ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ojú ẹni tó wá já irọ́. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó ń nu ojú. Ó tún ṣe díẹ̀, ó ní kí n pa iná òkè. Kí wákàtí náà tó pé, ó yọwọ́ kúrò.

Ó ní, “Àwọn ìlà yìí ń gun ara wọn.”

Ó jáde, ó fara ti ògiri, ó dijú. Mùínátù gbé omi wá fún un. Matilda mu ún tán, ó bi í pé:

“Báwo lo ṣe ń ṣe èyí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́?”

“Mo sọ fún wọn, àǹtí. Wọ́n ní fíìmù Íńdíà ni.”

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni Ọ̀gá dé. Ó kọ́kọ́ bínú pé ta ló ní ká ṣílẹ̀kùn òun. Matilda dá a dúró. Ó ní òun gbà pé ọmọ yìí kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbígbà tòun nìkan kò ní ṣe é. Kí Ọ̀gá wá sílé bàbá òun lọ́jọ́ Àìkú ọ̀la, kó dúró níwájú àwọn àgbà, kó sọ pé ojú ẹ̀rọ òun kò dára, wọ́n ti sọ fún òun, Mùínátù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀gá wo kọ̀ǹpútà. Mo mọ ohun tó ń rò: tó bá sọ ọ́, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ wá? Níkẹyìn, ó ní, “Mo jẹ yín ní ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ń bọ̀ wá san án.”

Lọ́jọ́ Àìkú náà, láti aago méjì títí di aago márùn-ún la fi jókòó nílé Odùbánjọ. Mùínátù wọ aṣọ ọdún rẹ̀. Ọ̀gá kò wá. Mo dìde, mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí. Olórí ẹbí fetí sílẹ̀ dáadáa. Adébóyè kò tilẹ̀ bínú. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ìyá Ṣẹ́gun, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ náà?” Mo ní rárá. Olórí ẹbí ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kò lè dípò ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilé iṣẹ́, kí àwọn dúró de Ernest. Wọ́n dúró títí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ di ti kóòtù, ibẹ̀ ló sì wà di òní.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mùínátù rí iṣẹ́ ní Òdogbolú, ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tí wọ́n ṣì ń lo lẹ́tà òjé. Orí tó ń fọ́ ọ rọlẹ̀ lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, àmọ́ kò lè jókòó sábẹ́ iná gígùn mọ́. Bó bá wá kí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé.

Nínú oṣù tó kọjá, ìyẹn oṣù kọkànlá ọdún 1989, mo pàdé Ọ̀gá Ernest níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó kí mi dáadáa. Ó ní òun ti ra ojú tuntun fún kọ̀ǹpútà, pé kò gbọ̀n mọ́, kí n wá wò ó. Mo ní inú mi dùn fún ẹni tó ń jókòó síwájú rẹ̀ báyìí. Mo wá rán an létí pé ó ṣì jẹ Mùínátù ní gbèsè.

Ó tọwọ́ bọ àpò. “Èló ló ní mo jẹ òun?”

Mo ní kì í ṣe owó, ọ̀rọ̀ kan ni, ilé Odùbánjọ kò sì jìnnà síbi tí a dúró sí. Ó wo apá ibẹ̀. Ó yọwọ́ kúrò lápò, ó ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà ti kọjá. Mo bi Matilda lánàá. Ó ní kò tíì wá.