Ọmọbìnrin Tó Wá Wọn Ilé Ìyá Aránṣọ

Bí Ìyá Aránṣọ ṣe gbọ́ tí téèpù ń dún gbàràrà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ó ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ gé nǹkan. Ta ni yóò tan òun jẹ lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n? Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń fi téèpù kọ́rùn. Ẹni tó bá ti wọn aṣọ tán, gígé ló kù. Kí ni wọ́n wá ń wọn ilé onílé sí?

"Màmá, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ná," ni àkọ́bí rẹ̀ wí. Òun ló mú ọmọbìnrin onítéèpù náà wá. "Iṣẹ́ ilé ṣíṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ló kọ́. Á bá wa tún ilé yìí ṣe kó lè dùn ún gbé."

"Ta ló sọ fún ọ pé kò dùn ún gbé? Ṣé ilé ló wá fẹjọ́ sùn ọ́ ni?"

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

Ládùúgbò, Ìyá Ìfura ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí kò ní sọ pé ìfura loògùn àgbà. Bí o bá kí i kú àárọ̀, á kọ́kọ́ ronú ohun tí o fẹ́ yá lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ mọ́ obìnrin náà, lọ́tẹ̀ yìí, ó nídìí tí ara fi ń fu ú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ihò abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sá fún un, lẹ́yìn náà ojú àwọn èèyàn tó ń kọjá lódì kejì títì, nígbà tó yá, àga àti tábìlì inú ilé rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe bojúbojú. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ó ní kí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa lọ, pé máṣíìnì ti bàjẹ́. Ọwọ́ ló fi ń rìn nínú ilé, àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri láti yàrá títí dé ilé ìdáná.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́, ó tún un sọ, pé lọ́jọ́ tí apá màmá òun ò bá ká ilé yìí mọ́, òun á kó wọn lọ sọ́dọ̀ òun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn eléyìí pa. Ilé tí òun àti olóògbé ọkọ òun fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ́! Ó sàn kí òun máa forí gbá ògiri ara òun ju kí òun máa tọrọ ààyè kí òun tó bu omi mu nílé ìyàwó ọmọ.

Nítorí náà, ohun méjì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bóyá wọ́n fẹ́ ta ilé náà, tàbí kẹ̀, wọ́n rán ọmọbìnrin yìí wá ṣọ́ òun. Kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Ọmọbìnrin náà kì í pariwo. Ìbéèrè ló ń béèrè ṣáá.

"Màmá, níbo lẹ máa ń jókòó sí láàárọ̀?"

"Níbi tí ìdí mi bá gbé mi sí."

"Kí ló dé tí máṣíìnì yín wà ní kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn báyìí?"

"Ibẹ̀ ló fẹ́ràn."

Kò janpata. Ó wọ ọ̀nà ilé ìdáná lọ, ìyá sì gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lójijì níbi tí ìdọ̀tí ọwọ́ ti fa ìlà gbọọrọ sára ògiri.

"Kí lò ń wò níbẹ̀?"

"Ọ̀dà tó ti ṣí ni, mà."

Ó tètè dáhùn jù. Ìyá fi ìyẹn pa mọ́ sínú. Ó rántí ilé tó wà ní ìkángun òpópónà wọn, tó jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ kùn ún. Kí ọ̀dà tó gbẹ tán, onílé tuntun ti ń kó ẹrù wọlé. Igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Òkèèrè ọ̀hún gan-an ni obìnrin wa ò rí mọ́, ìyẹn ni wàhálà ibẹ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà wá, ó tẹ́ aṣọ kọ́tìnnì méjì sórí itan ìyá. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ aṣọ. Èwo ni ká lò?"

Ìyá fi ìka ra wọ́n wò. "Eléyìí nípọn, oòrùn ò ní tètè jẹ ẹ́. Èkejì yìí, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, á kúrú." Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ aṣọ.

"Àwọ̀ wọn ńkọ́, mà?"

"Àwọ̀ kan náà kọ́ ni? Kí lo tún ń bi mí sí?"

Pupa tó ki ni ọ̀kan, èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé.

"Ṣé ẹ ó bá wa rán an, mà?"

"Máṣíìnì ti bàjẹ́."

Ọmọbìnrin náà bá rìn lọ sídìí máṣíìnì, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Máṣíìnì aláìnítìjú náà sì dún wìrìwìrì, àfi bíi pé àná ni wọ́n rà á. Ojú ti ìyá, inú sì bí i sí máṣíìnì ju bó ṣe bí i sí ọmọbìnrin náà lọ.

"Ó ti san nìyẹn," ló wí.

Ì bá lé e jáde, ṣùgbọ́n bó bá lé e, ọmọ rẹ̀ á béèrè ìdí. Ló bá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọlọ́dà àti káfíńtà fi ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣọ́ wọn, ó ń kùn. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ síta kí òun nìkan wo ilé òun.

Ògiri ti funfun, wọ́n wá kun igi ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lọ́dà dúdú, ó sì rí ẹnu ọ̀nà yàrá láti orí àga láìtíì fọwọ́ wá a. Kápẹ́ẹ̀tì dúdú tó máa ń ṣe é bíi kòtò, tí ìyá máa ń fò kọjá, kò sí mọ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa-rúsúrúsú fa etí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Máṣíìnì ti dé ìdí fèrèsé, iná kékeré ọlọ́rùn gígùn sì tẹrí ba sórí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí ìdọ̀tí ọwọ́ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n kan igi dídán kan mọ́ ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ti bà lé e kó tó rántí pé kò sí níbẹ̀ rí.

Ilé náà tù ú lára. Ìyẹn gan-an ló dáyà já a. Aṣọ tó bá báni mu tó báyìí, ẹni tó rán an ti wọn ara ẹni tán pátápátá. Ọmọbìnrin yìí ti mọ̀.

Ó pè é wọlé. "Kí lo sọ fún ọmọ mi?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, mà. Wọ́n ní kí n ṣe ilé tó máa dùn ún gbé fún yín. Mo wo bí ẹ ṣe ń rìn, mo ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ní kó o wo bí mo ṣe ń rìn?"

"Iṣẹ́ mi nìyẹn, mà. Èèyàn là ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún, kì í ṣe ògiri." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá, ògiri ni mo lè kùn lọ́dà, mi ò lè kun ojú. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó kó tó pẹ́ jù. Mi ò ní bá yín tú u síta. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sọ ọ́."

"Ṣé ọmọ mi ló kọ́ ọ kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ká téèpù rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, ọmọ rẹ̀ wá wo iṣẹ́. Ó yìn ín títí, ó fọwọ́ pa igi ara ògiri. "Màmá, kí ni eléyìí wà fún?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu ìyá. Oge ni, òun ló lòde báyìí. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti sú u láti máa pa irọ́ mọ́ máṣíìnì tí nǹkan kan ò ṣe. Ó jókòó sídìí rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó nà wọ́n sí ọmọ rẹ̀.

"Wá bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

Ọmọ rẹ̀ dúró sójú kan. Láti kékeré, kò rí i kí ìyá rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní abẹ́rẹ́ kì. Nínú òkùnkùn gan-an ló ti máa ń ki tirẹ̀.

"Ojú mi ni," ni ìyá wí. "Mi ò rí i mọ́, ó ti pẹ́. Tó o bá máa kó mi lọ, sọ ọ́ báyìí kí n gbọ́." Ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

Ọmọ rẹ̀ gba abẹ́rẹ́, ó nà án jìnnà, ó fà á mọ́ra, ó fi ẹnu lá òwú, ó tẹ̀ síwájú iná, ó tún nà án jìnnà. Ìyá ò rí ihò abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó rí apá tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Ó mọ irú rẹ̀. Bí tirẹ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Láti ìgbà wo?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi."

"Láti ìgbà wo, mo ní!"

"Ó ti lé lọ́dún kan. Tí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n wakọ̀ mọ́."

"Ìwọ yìí lo sì fẹ́ kó mi lọ sílé rẹ?"

"Kí n kó yín lọ síbo, Màmá? Ilé tèmi ò nígi lára ògiri. Àná ni mo forí gbá ilẹ̀kùn."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rín náà mì, tó fojú wá ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, tó sì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀la la jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà," ló wí. "Ìwọ lo máa kọ́kọ́ wọlé, èmi á jókòó tì ọ́. Etí ara mi ni mo fẹ́ fi gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ."