Àpótí Irin Olùkọ́ Mi

Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀ nígbà náà, gbogbo ọ́fíìsì ní Adó sì ń wá ẹni tó máa bá wọn tẹ̀wé. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Fájuyì, mò ń tẹ̀wé, mo sì ń tún kọ̀ǹpútà tó bá bàjẹ́ ṣe. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Àwọn oníbàárà kì í tètè gbà pé obìnrin lè tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á wọlé, á wò mí tán, á ní, "Ọ̀gá yín ńkọ́?"

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ girama kò bi mí bẹ́ẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Ìgèdè. Ìyàwó rẹ̀ ló wá sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà Bàbá ti kú. Mo mọ kọ̀ǹpútà náà. Ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti gbé e bọ̀ nígbà tí mo ṣì kéré, àpótí irin gbàǹgbà kan tó wúwo bí ọlọ. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ mi ti ń kó ọ̀rọ̀ Èkìtì jọ sínú rẹ̀: orúkọ ewé, ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀, bí ìlú kan ṣe ń pe nǹkan àti bí ìlú kejì ṣe ń pè é. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀.

Mo lọ sí Ìgèdè, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ so mọ́, ti jóná.

"Sà, ẹ jẹ́ ká kúkú ra odindi tuntun," ni mo wí.

Ó mi orí. "Ojú mi ti ń ṣú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ eléyìí." Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ó bá ohun ìtanná pupa ńlá tó wà níbẹ̀ láìwò ó. "Fi tuntun sínú rẹ̀. Ara rẹ̀ ni kí o má pààrọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ojú títì. Ó ní, "Àwọn dísíkẹ́ẹ̀tì tó ń da iṣẹ́ rẹ̀ kọ sí ti bu, wọn ò ṣeé kà mọ́. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn nìkan ló kù. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tó bá sọnù, mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un."

Mo gbé àpótí náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó.

Bọ́ọ̀dù tuntun kò bá àpótí àtijọ́ mu. Ihò ẹ̀yìn àpótí kò ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tí káàdì tó ń darí dísìkì, ilé àwọn fáìlì náà, gbọ́dọ̀ ti yọ jáde, bẹ́ẹ̀ n kò lè ka dísìkì àtijọ́ yẹn láìsí káàdì náà. Àfi kí n fi ayùn irin gé ẹ̀yìn àpótí. Mo yọ dísìkì náà, mo fi ìró mi wé e bí ọmọ tuntun, mo gbé e jìnnà. Gbogbo bí mo ṣe ń fa ayùn yẹn, eyín mi ni mò ń gbọ́ ọ sí. Nígbà tí mo gé e tán, mo gé bàtà rọ́bà tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, mo fi tẹ́ abẹ́ bọ́ọ̀dù kó má baà kan irin, torí tó bá kan irin, ó parí. Wáyà iná tún wà ní ìdì méjì: dúdú gbọ́dọ̀ kọjú sí dúdú. Ẹni tó bá ṣì í kì bọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí bọ́ọ̀dù á fi jóná. Mo kì í bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́, mo wò ó, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Mo dá dísìkì padà sí àyè rẹ̀, mo tan iná sí i.

Ó tàn. Mo yin Olúwa sókè débi pé aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọjú wá wò mí.

Ìgbà tí mo fẹ́ pa àpótí dé ni mo rí i pé síkúrúù kan dín. Mo gbá ilẹ̀, mo gbọn aṣọ mi, mo fi irin òòfà inú rédíò àtijọ́ fa abẹ́ tábìlì já. N kò rí i. Màmá, ìyàwó olùkọ́ mi, sì ti gbé ọkọ̀ dé, ó ń dúró. Mo sọ fún ara mi pé ìta ló já bọ́ sí. Mo pa á dé.

Ní ọ̀nà Ìgèdè, ọkọ̀ bọ́ sí kòtò kan, mo gbọ́ ohun kan tó ṣe "kẹ́rẹ́" nínú àpótí lórí itan mi. Mo tẹ́tí. N kò gbọ́ ọ mọ́. Màmá ń sọ̀rọ̀, mò ń dá a lóhùn, n kò mọ ohun tí mò ń sọ.

A dé ilé, mo to gbogbo rẹ̀, mo fi wáyà sí iná. Olùkọ́ mi jókòó, inú rẹ̀ ń dùn, ó na ọwọ́ sí ohun ìtanná pupa. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sà, ẹ má tàn án!"

Mi ò di ọwọ́ olùkọ́ mi mú bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

"Kí ló dé?"

"Síkúrúù kan sọnù lọ́wọ́ mi. Mo rò pé inú rẹ̀ ló wà. Mo ti mọ̀ kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù."

"O mọ̀, o sì gbé e wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Tú u."

Mo fa wáyà yọ, mo tú u. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, n kò rí nǹkan kan. Mo gbé e dagun, kò sí ohun tó já bọ́. Ó ní kí n sún. Ó kúnlẹ̀, ó ki ìka bọ abẹ́ bọ́ọ̀dù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ tó sàba. Mò ń bẹ̀rù pé yóò fa wáyà já. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ dúró.

"Kí lèyí?"

Síkúrúù náà ni. Ó há sáàárín bọ́ọ̀dù àti irin, ó fara ti rọ́bà.

Òun fúnra rẹ̀ ló tàn án. Dísìkì náà ké bí ẹ̀fọn, ọ̀rọ̀ sì yọ sójú kọ̀ǹpútà. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè fún un. Fáìlì tó bá ṣí ni mò ń dà sí dísíkẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo wọn ló ṣí, àfi U. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, dísìkì bẹ̀rẹ̀ sí ha bí ẹni ń fi èékánná fá ìkòkò. Mo pa á.

Nínú Yorùbá ilé ìwé, U kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. L'Èkìtì, òun ló pọ̀ jù: ulé fún ilé, ugi fún igi, uṣẹ́ fún iṣẹ́. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ló wà nínú fáìlì yẹn.

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́, sà?"

"Bóyá ìwọ ni, bóyá ogbó ni. Ta ló máa mọ̀?" Ó gbé ọwọ́ lé àpótí náà. "Fa àga sún mọ́bí. Kọ ọ́."

Mo tún tan ẹ̀rọ náà. Ó ń pe àwọn ọ̀rọ̀ U láti orí, mò ń tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo Sátidé ni mò ń lọ sí Ìgèdè, títí ọyẹ́ fi dé. A kó púpọ̀ padà, a kò kó gbogbo rẹ̀. Nígbà mìíràn, á dúró láàárín ọ̀rọ̀, á ní, "Orúkọ ewé kan wà níbí," á sì máa wá a, èmi á gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, màá dúró dè é.