Orogún Tí Bàbá Ó-Ṣì-Ń-Ṣiṣẹ́ Fi Ìlẹ̀kùn Kọ́bọ́ọ̀dù Kàn

Bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Ó-Ṣì-Ń-Ṣiṣẹ́ ládùúgbò, ọjọ́ tí àwọn àna rẹ̀ kọ́kọ́ wá sílé ni gbogbo èèyàn máa ń rántí. Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Àlejò méje jókòó sí pálọ̀, aṣọ wọn le ganrangan, fáànù kan ṣoṣo tó wà nílé sì ń fẹ́ sí wọn lára. Bí bàbá ọkọ ìyàwó ṣe dìde láti sọ ohun tó gbé wọn wá, Bàbá yọ láti yàrá ẹ̀yìn, ó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó fa wáyà fáànù yọ lára ògiri, ó sì gbé e nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí nǹkan?" ni àlejò bi í.

"Kò sí rárá. Kọ̀ǹpútà mi ló ń gbóná. Ẹ̀yin, a máa bu omi tútù fún yín, ẹ ó mu. Òun ńkọ́? Ta ló máa fún un lómi?"

Ó gbé fáànù lọ. Ọkọ ìyàwó tó ń bẹ̀rù kí ọ̀rọ̀ náà má bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń làágùn títí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi sùn. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó Bàbá. Aránṣọ ni obìnrin náà, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó lé ọkọ rẹ̀ bá ní yàrá ẹ̀yìn.

"Ẹ ti tì mí lójú lónìí o! Níwájú àna!"

Bàbá fọwọ́ kan ara kọ̀ǹpútà náà. "Má ṣèyọnu," ló wí, "ó ti ń tutù."

Rédíò ni Bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe. Nígbà tí àwọn èèyàn kò gbé rédíò wá mọ́, ó kó òkú kọ̀ǹpútà méje tí àwọn ọ́fíìsì ti dà nù, ó tú wọn palẹ̀, ó sì fi gbogbo wọn to ẹyọ kan. Páànù tó yẹ kó bò ó kò gbà á. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé aṣọ oníbàárà lọ fún un nílé, ó padà dé, ó rí àwo àti kọ́ọ̀bù rẹ̀ níhòòhò.

"Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi dà?"

"Ó ti ríṣẹ́," ni Bàbá wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti sọ kọ̀ǹpútà náà ní Orogún. Ìwà orogún ló sì ń hù lóòótọ́. Ìgbà tí ìyàwó bá ní kí ọkọ òun wá jẹun gan-an ni àìsàn máa ń kọlu kọ̀ǹpútà náà. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan án já bọ́, Bàbá ń fi ẹnu àlùmọ́gàjí ìyàwó rẹ̀ kan irin méjì tó wà níbẹ̀ kó tó dìde. Fáànù kékeré inú rẹ̀ kò lè dá yí, Bàbá ń fi igi ìgbálẹ̀ tì í. Bó bá gbàgbé ara rẹ̀, Bàbá á yọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀, á fi rọ́bà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa nǹkan rẹ́ nu ẹnu rẹ̀, á sì kì í padà.

Èyí tó le jù ni pé bí wọ́n bá yọ wáyà iná rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí wọ́n tó kì í padà. Bàbá kì í wo aago. Ńṣe ló máa ń pariwo sí ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ: "Ṣé o ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́?"

"Mo ti kì í!"

Ìgbà yẹn ni yóò ki wáyà bọ ògiri. Obìnrin náà rò pé ọkọ òun kàn ń bá òun tàkúrọ̀sọ ni. Á dìde, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú Orogún.

"Alákorí! Ẹ gbé e lọ sí àkìtàn, Bàbá, ẹ jẹ́ ká sinmi!"

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́," ni Bàbá á wí.

Ọmọ wọn obìnrin, nọ́ọ̀sì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbàlejò ọjọ́sí, ra kọ̀ǹpútà tuntun alágbèéká fún un. Nígbà tó padà wá kí wọn, ó bá kọ̀ǹpútà tuntun náà lábẹ́ gíláàsì tí wọ́n ń wò lára Orogún, níbi tó ti ń gbé e ga sókè.

"Ó wúlò gan-an, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Ọrùn kò dùn mí mọ́."

Àràárọ̀ ni Bàbá ń jókòó síwájú Orogún, á máa fi ìka kan tẹ ìwé, tó, tó, tó. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í pé kí ló ń kọ, á ní, "Tìẹ ni. Jẹ́ kí n parí ẹ̀." Ọdún mẹ́fà ló fi ń kọ ọ́. Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì ló mú un lọ.

Kó tó lọ, ní ọsibítù, ó pe ọmọ rẹ̀ sí tòsí. "Ìwé màmá yín wà nínú Orogún. Ẹ má bẹ̀rù, mo ti kọ bí wọ́n ṣe ń tan án sílẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ."

"Ibo lẹ kọ ọ́ sí, Bàbá?"

"Inú Orogún náà ni."

Lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé dákẹ́ jù fún un. Á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Kò fẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi ọdún mẹ́fà kọ sílẹ̀ fún un ló fẹ́ kà, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́ gidi.

Nọ́ọ̀sì àti ọkọ rẹ̀ mú ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá. Ó tú ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo inú, ó mí kanlẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, nǹkan kan ń ha nínú Orogún, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó sì kú.

"Màmá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí ti fẹ́ kọṣẹ́ pátápátá. Bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tó lè dìde. Bí a bá ṣì í ṣe, gbogbo ohun tí Bàbá kọ ti lọ nìyẹn."

Ó tún na ọwọ́ sí i. Aránṣọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pariwo, ohùn ara rẹ̀ sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà ẹ̀!"

Wọ́n yà fún un. Ó yọ wáyà, ó mú abẹ́rẹ́, ó sì ki òwú bọ̀ ọ́. Ó dijú. "Mo ti kì í," ló wí pẹ̀lẹ́. Ó yọ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi rọ́bà nu ún, ó dá a padà. Ó ki wáyà bọ ògiri. Ó fi ẹnu àlùmọ́gàjí kan irin méjì, ó fi igi ìgbálẹ̀ ti fáànù. Orogún ha, kẹ́rẹ́, ó dákẹ́.

Aránṣọ fi ọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Alákorí! Ṣé wàá dìde àbí kí n gbé ọ lọ sí àkìtàn?"

Orogún tan.

Oníṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí Bàbá kọ sínú rẹ̀ jáde kíákíá. "Ó ń gbóná o, Màmá." Kò tíì sọ ọ́ tán tí aránṣọ fi wọ pálọ̀, ó fa wáyà fáànù tó ń fẹ́ sí ọkọ ọmọ rẹ̀ lára, ó sì gbé e nílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ́, Màmá! Ẹ̀ẹ̀kejì rèé!"

"Ẹ má bínú, ọkọ ọmọ mi. Omi tútù wà, ẹ bù mu. Òun ńkọ́?" Ẹ̀rín pa ọkọ ọmọ rẹ̀ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Aránṣọ jókòó, ó ń kàwé. Àkọlé rẹ̀ ni *Àìsàn Orogún àti Ohun Tí Ìyàwó Mi Sọ*. "Ọjọ́rú: ó kọ̀, kò dìde. Ìyàwó mi ní kí n lọ máa bá a sùn. Mo rẹ́rìn-ín, ó tan." "Àbámẹ́ta: ara mi kò yá, mi ò fẹ́ dìde. Mo ba fáànù rẹ̀ jẹ́ díẹ̀ kí ìyàwó mi lè wá dúró lẹ́nu ọ̀nà." Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn rèé:

"Bí mi ò bá sí, ẹ má pe oníṣẹ́ kankan. Ìyàwó mi mọ bí wọ́n ṣe ń tan án. Ó rò pé ńṣe lòun ń bú u. Ogójì ọdún ló ti ń bú gbogbo ohun tí mo bá ń tún ṣe, kò sì sí ọjọ́ kan tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ohun náà tó tan."

Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi etí aṣọ nu ojú.

"Màmá, mo ti kó gbogbo ẹ̀ tán," ni oníṣẹ́ náà wí. "Ṣé kí n pa á?"

Aránṣọ yí fáànù sún mọ́ Orogún sí i.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á? Ó ṣì ń ṣiṣẹ́."