Bàtà Bibi Bachint

Ìwà àwọn ará abúlé wa ń bí mi nínú. Bibi Bachint Kaur, opó àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ kangun sí tèmi, ló ń ṣe roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, fún gbogbo wa ní gurdwara, ilé ìjọsìn wa, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kò gbowó rí. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló ń mú un dìde lórí ibùsùn.

Jagjodh Singh, olówó tó jẹ́ alága gurdwara, wá gbé àga wọlé, ó jókòó lé e níwájú Ìwé Mímọ́ ẹ̀sìn wa, níbi tí ọba àti alágbe ti ń jókòó sílẹ̀. Ó ní orúnkún ń dun òun, bẹ́ẹ̀ orúnkún náà kò dùn ún nígbà tó ń jó níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Bibi nìkan ló dìde.

"Jagjodh, ilé ta lo ti ń jókòó ga báyìí?"

Lọ́jọ́ kejì, Jagjodh lé Bibi kúrò nídìí iná tó ti ń ṣe roti.

Bibi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Amritsar, síwájú Akal Takht, Ìtẹ́ Ẹni Tí Kì í Kú. Kò sí ènìyàn tó lè pe ìtẹ́ yẹn ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọlọ́lá fi ń wárí níbẹ̀. Àwọn àgbà márùn-ún tó ń dájọ́ níbẹ̀ ránṣẹ́ pe Jagjodh. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó jẹ́wọ́. Wọ́n ní kó gbé àga rẹ̀ kúrò, kó dá Bibi padà sídìí iná, kó sì nu bàtà tí àwọn olùjọsìn ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ará abúlé ṣe? Wọ́n fi bàtà sílẹ̀ nílé, wọ́n fẹsẹ̀ lásán wá, kí ọwọ́ ọ̀gá má bàa dọ̀tí. Ọkọ tèmi náà wà lára wọn! Ó ní ilẹ̀ Jagjodh lòun ti ń dáko. Jagjodh jókòó ti àkísà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Tí ìdájọ́ yìí bá di eré, kò ní pẹ́ tí yóò fi tún lé Bibi.

Bibi ti ọ̀dọ̀ ẹfọ̀n tó ń sìn fún wàrà bọ̀, ìgbẹ́ kún bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó gbé e síwájú Jagjodh, ó dúró. Jagjodh nu òkè rẹ̀ fẹ́rẹ́, ó gbé e sílẹ̀.

"Ọmọ mi," Bibi ní, "ó ku ìsàlẹ̀."

Jagjodh wojú wa, bóyá a ó gbà á sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó yí bàtà náà padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìgbẹ́.

Ọkọ mi ní òun fẹ́ lọ mú bàtà òun wá. Mo ní kó yáa sáré.