Ìlà Ogójì Lára Ògiri Ìnísà

Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi pa ikú Màmá Ìnísà mọ́ fún mi. Mo kà á, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n kú títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo fẹsẹ̀ ara mi dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Màmá Ìnísà ló bí màámi, àwọn ló sì tọ́ mi dàgbà kí n tó wọ yunifásítì. Nígbà tí ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Ìkìrun yàn mí mọ́ àwọn tó máa lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì lókè òkun fún ọdún kan, ọ̀dọ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà lọ. Aládùúrà ni wọ́n. Wọn ò tiẹ̀ béèrè ibi tí mò ń lọ. Wọ́n bu omi sínú ìgò kan, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì wọn, wọ́n ní ogójì òwúrọ̀ làwọn máa fi ka Sáàmù sí i, tó bá wá ku ọ̀la kí n lọ, kí n wá mu ún.

“Màmá, àwa Onítẹ̀bọmi kì í mumi àdúrà o.”

“Ẹn-ẹ́n? Odò tí wọ́n rì ọ́ bọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ̀kọ ló wà nínú ẹ̀?”

Kí wọ́n má baà ṣì í kà, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì tí màámi, tó jẹ́ tíṣà, fún wọn fa ìlà kọ̀ọ̀kan sára ògiri láràárọ̀.

Nígbà tó yá, mo pè wọ́n, fóònù ò lọ. Màámi ní ó já somi ni. Ẹ̀gbọ́n màámi tó ń gbé Òkukù ní wọ́n ti lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan ní Igbaye. Mo ní ẹ jẹ́ n lọ bá wọn níbẹ̀, wọ́n ní ohùn wọn há, dókítà ò fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ já somi, tó lọ sí Igbaye, tí ohùn rẹ̀ tún há lẹ́ẹ̀kan náà! Mo sì gbà á gbọ́. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìsìn ìdágbére mi, Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé mi lórí níwájú ìjọ, wọ́n ní, “Ìyá rẹ àgbà á fojú rí ọ padà.” A ṣe àmín. Pásítọ̀ yìí kan náà ti bá màámi gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ Ajé, mo lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí arìnrìn-àjò máa ń gbà ní ọsibítù kan ní Ìkìrun. Wákàtí méjì ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tí mo fẹ̀yìn ti ògiri. Mọ́ṣúárì ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ Màmá Ìnísà sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì Òkukù, mo sọ̀ ní Ìnísà. Ìyá tí wọ́n jọ ń gbélé ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, wọ́n rí mi, wọ́n gbé àwo sílẹ̀.

“Ẹ kú aráfẹ́rakù, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù yín nínú.”

“Ta ló kú, mà?”

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. “Yéè! Ẹnu mi yìí! Wọn ò tíì sọ fún ọ?”

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ìgò omi náà wà níbi tó wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlà ara ògiri, nítorí bí inú bá ń bí mi, nǹkan ni mo máa ń kà. Mọ́kàndínlógójì. Ta ló wá fa tòní? Mo sún mọ́ ọn. Mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ wọ́, wọ́n gbọ̀n bí ọwọ́ àgbàlagbà. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀ lé e gún régé bí ìlà ojú pátákó kíláàsì.

“Ìyá rẹ ni,” ni ìyá náà wí. “Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Kò pa ọjọ́ kankan jẹ.”

Òkukù ni màámi ti ń ṣe tíṣà, Ìnísà sì wà lójú ọ̀nà. Mo wá rántí bí wọ́n ṣe ń tètè jáde nílé, tí wọ́n ń sọ pé ìpàdé ni.

Nígbà tí mo fi padà dé Ìkìrun nírọ̀lẹ́, ìyá náà ti pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n màámi sì ti wà nílé dè mí.

“A kì í túfọ̀ fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Gbogbo ìwé tó o kà, o ò ka ìyẹn níbẹ̀?”

“Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ sin wọ́n, sà?”

“Sátidé.”

“Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ.”

“A mọ̀.”

Àwa mẹ́fà la jọ ń wọ bàálù kan náà, kò sẹ́ni tó lè sún un. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí ojú Màmá Ìnísà nìkan, wọ́n ní arìnrìn-àjò kì í wojú òkú. Mo pe Pásítọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ni, kì í ṣe irọ́. Mo bi wọ́n bóyá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni kí n lọ máa wàásù. Wọ́n ní kí n lọ sinmi.

Màámi jókòó, wọn ò wò mí lójú. “Tí mo bá sọ fún ọ, o ò ní lọ mọ́,” ni wọ́n wí. “Màmá ò sì ní dárí jì mí.”

“Èmi ńkọ́, mà? Ta ló bi mí?”

Wọ́n nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ìka wọn. Mo ní, “Ó ku ìlà kan.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a jọ lọ sí Ìnísà. Màámi ka Sáàmù náà tán. Wọ́n na ṣọ́ọ̀kì sí mi. Mo fa ìlà ogójì, mo mu omi náà tán. Ó ti gbóòórùn ìgò.

Wọ́n sin wọ́n ní Sátidé láìsí mi. Wọ́n ti kun gbogbo ilé ní ọ̀dà sílẹ̀ de ìsìnkú, ṣùgbọ́n màámi ò jẹ́ kí akunlé fọwọ́ kan ibi tí ìlà wà. Fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi níbí. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti gbàgbé. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n pé ogójì. Tèmi ló wọ́ jù.