Lẹ́tà Tó Sùn Sínú Báàgì Mi

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Bàrígà. Bí wọ́n bá mú obìnrin wá, wọ́n á ké sí mi pé, "Madam, come search am o!" torí ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ yẹ ara obìnrin wò. Tí mo bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ mi parí. Àwọn ọkùnrin ló ń wádìí ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ ọ́n ṣe ju ọ̀pọ̀ wọn lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa tuntun pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní kí n kọ lẹ́tà wá kó tó di Ẹtì, òun fẹ́ fi orúkọ mi ránṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọ̀gá méjì ti ṣe irú ìlérí yìí fún mi rí. Ọ̀kan ní kí n wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Fádèyí ká jọ sọ ọ́. Èkejì kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi àti òun ni. Mo kọ̀ fún àwọn méjèèjì.

Nílé ní Ṣómólú, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún obìnrin tó ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀ ilé wa. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Àǹtí, ṣé lásán náà ni? Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ń wá."

Mo kọ lẹ́tà náà, mo fi sínú báàgì, mo wá ń ṣọ́ ọkùnrin yìí. Ó kí mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó bèèrè àwọn ọmọ mi lọ́jọ́rú, mo ní ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ mi wà nílé. Lọ́jọ́bọ̀ kò sọ nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Nírọ̀lẹ́ Ẹtì, ó dúró níwájú káńtà. "Madam, o ò mú lẹ́tà wá. Mo dúró dè ọ́ títí di ọ̀sán kí n tó fi orúkọ ránṣẹ́."

Mo bi í pé, "Sà, kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi gan-an?"

Ó ní:

"Lẹ́tà ni."

Ọkùnrin tí èmi fúnra mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí ló lọ kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Mi ò bínú sí i, mi ò sì bínú sí ọ̀gá yìí. Àwọn ọ̀gá méjì ìjọ́sí ni mò ń ṣépè fún. Mo ṣebí wọn ò rí nǹkan kan gbà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, àṣé wọ́n rí i gbà.