Ẹ̀gbọ́n Tí Mo Ń Pàṣẹ Fún

Ẹnu ọkọ̀ ẹrù ni ẹ̀gbọ́n yẹn ti rí mi. Ọdún kejì tí mo dé Calgary ní Canada ni, mo ń lọ sí college, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà kan ní apá Northeast ìlú náà. Snow fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa sì ní ká tètè kó iṣu wọlé. Dípò kí n máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dúró sórí ọkọ̀, mo ń ju iṣu sí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí èyí tó já bọ́.

Obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì dúró, ó ń wò mí.

"Níbo lo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju nǹkan báyẹn?"

"Handball ni mo gbá ní sẹ́kọ́ńdírì, mà."

"Wá bá wa gbá football. Ti àwọn ará ibí o, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù."

Bó ṣe mú mi wọ tíìmù àwọn obìnrin nìyẹn. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Hospital tó wà ní Seton ló ti ń ṣiṣẹ́, Skyview Ranch ló ń gbé. Èmi ń gbé inú basement, yàrá abẹ́ ilé, ní Falconridge tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà òun ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi lọ sí practice. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é nínú ìtàn yìí, kì í ṣe "wọ́n". Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ìgbà òtútù ni, kò tíì sí ìdíje kankan. Inú dome, ilé ńlá kan tí òrùlé rẹ̀ rí rogodo, tí wọ́n tẹ́ koríko oníke sí, la ti ń kọ́ eré. Nínú football yìí, quarterback ni olórí àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Òun ló máa kó wọn jọ, òun ló máa sọ ibi tí kálukú yóò sáré gbà, lẹ́yìn náà ni yóò ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tó wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Edmonton. Ọdún méjì ni ẹ̀gbọ́n fi jẹ́ igbákejì rẹ̀. Gbogbo wa ló gbà pé ipò ti kàn án. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ní practice kẹta, kóòṣì wa, obìnrin òyìnbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní kí gbogbo wa máa ju bọ́ọ̀lù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tá a parí, ó nawọ́ sí mi, ó ní èmi ni quarterback. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n di receiver, ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo wa lọ.

Ẹ̀gbọ́n ló gbé mi padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí iná pupa dá wa dúró ló tó lanu.

"O ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé o fẹ́ gba ipò mi, àbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò béèrè fún un."

"O ò béèrè. O ò sì kọ̀ ọ́."

Mo yíjú sí fèrèsé títí a fi délé.

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń gbá bọ́ọ̀lù, Gẹ̀ẹ́sì ò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Bí mo bá ní kó lọ sápá ọ̀tún, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ẹ̀bi rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, mo gba bọ́ọ̀lù, mo wòkè, mo rí i tó dúró gbagidi síbi tí kò yẹ kó dúró sí. Mẹ́ta nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n máa ń bá wa du bọ́ọ̀lù ní practice, ti ń já bọ̀ lórí mi. Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi.

"Sáré! Kí lò ń dúró ṣe níbẹ̀?"

Àwọn tó kù ò gbọ́ ohun tí mo wí. Òun gbọ́. Ó ṣí helmet rẹ̀, ó sì rìn wá bá mi.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Èmi?"

"Ibi tí mo ní kẹ́ ẹ sá lọ kọ́ nìyẹn."

"'Sáré!' Bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ ni mí?"

Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Ọkàn mi gbóná, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Ẹ wọ helmet yín, ẹ padà síbi iṣẹ́."

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí mo dé ìdí mọ́tò rẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn. Ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀. "Quarterback ò ní mọ́tò ni? Kí àwọn tíìmù ẹ gbé ẹ." Ó wakọ̀ lọ. Mo gbé àpò ńlá mi wọ bọ́ọ̀sì, mo tún wọ train, bí ẹni tí onílé lé jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, ogun dé. Tí mo bá ní kó sáré dé yard mẹ́wàá, yóò dúró ní mẹ́jọ. Bọ́ọ̀lù á kọjá lórí rẹ̀, gbogbo èèyàn á sì wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jù. Òun á mi orí bí ẹni tó káàánú mi. Ó tún ròyìn mi káàkiri. Obìnrin kan wá ra gààrí ní ṣọ́ọ̀bù wa, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé yẹn?" Mo wọn gààrí fún un.

Èmi náà gbẹ̀san. Mo mójú kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Yóò wà lóun nìkan, yóò nawọ́ sókè, kò ní sí ẹnì kan nítòsí rẹ̀. Màá yíjú sí ẹlòmíràn tí èèyàn méjì ti ká mọ́. Mo máa ń rí ọwọ́ yẹn tó ń padà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Kò sí bọ́ọ̀lù tó ń lọ síwájú mọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn nínú tíìmù tiwa gan-an ló ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀.

Ní oṣù kẹta, kóòṣì pe àwa méjèèjì sí yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dome. Ó ṣí laptop. Fídíò practice ni. Ó dá a dúró níbi tí ẹ̀gbọ́n ti nawọ́ sókè tí mo sì yíjú. Ó dá a dúró níbòmíràn. Ìgbà mọ́kànlá. Ó tún fi ibi tí ẹ̀gbọ́n ti dúró kó tó dé ààyè rẹ̀ hàn, ìgbà mẹ́fà. Kò pariwo. Ó ní òun ò mọ ohun tó wà láàárín wa, òun ò sì fẹ́ mọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹnì kan jù, kí ẹnì kejì gbà, tàbí kí àwa méjèèjì jókòó sílé. Ó jáde, ó fi wá sílẹ̀.

"Mọ́kànlá," ẹ̀gbọ́n ní.

"Ẹ̀yin náà, mẹ́fà."

"Mo mọ̀. Ọdún méjì ni mo fi dúró sẹ́yìn obìnrin tó kó lọ sí Edmonton yẹn. Màá ti night shift dé, mi ò ní sùn, màá wá practice. Ìwọ wọlé, o ò lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ."

Ẹ pẹ̀lẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n jù jù yín lọ."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó kàn tẹjú mọ́ mi.

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú." Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀. "Má rò pé mo ti gbójú fò ó o. Ṣùgbọ́n tó o bá ní mẹ́wàá, màá dé mẹ́wàá."

"Èmi náà á jù ú."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní mẹ́wàá. Mi ò dúró kó yíjú, bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yíjú, bọ́ọ̀lù ti wà láyà rẹ̀. A tún un ṣe, a tún un ṣe. Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, tá a bọ́ síta lórí pápá, àwọn tó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ ò lè dá wa dúró mọ́. Àwọn yòókù á máa gbá mi ní helmet, wọ́n á máa hó. Òun á kàn ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀, á rìn lọ.

Practice tó kẹ́yìn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, mo rí i tó ti kọjá gbogbo wọn. Mo fi gbogbo agbára jù ú. Ẹnì kan kọlù mí lójú ẹsẹ̀, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀, mi ò rí nǹkan kan ju òfuurufú lọ. Ariwo àwọn yòókù ni mo fi mọ̀ pé ó gbà á. Mo dìde, mo ń gbọn koríko kúrò lára. Ó rìn padà wá láti ìkángun pápá, ó gbé bọ́ọ̀lù fún mi.

"O jù ú sókè jù," ó ní, ó sì kọjá lọ.

Òótọ́ ló sọ.